Bẹ́líìtì Tó Ń Já Nílé Kangas

Èmi Verna Trezise ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo Lempi láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí pé ilé wa kọjú síra, títì nìkan ló là wá láàárín. Mo ń bu kọfí lọ́wọ́ nígbà tí igbe náà ta mí létí. Mo yọjú lójú fèrèsé. Lempi Kangas ló dúró lẹ́nu gáréèjì wọn, yìnyín mù ún dé orúnkún, ó ń fi bàtà gbá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó yìnyín, ó sì ń bú u bí ẹni tó ń bú èèyàn.

"Ọ̀dàlẹ̀! Irin lásánlàsàn! Ọjọ́ tí mo nílò rẹ gan-an lo máa ń kú!"

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà ló já. Bẹ́líìtì tó ń yí táyà ni, èyí tí ẹ̀rọ fi ń rìn síwájú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Kérésì kò tíì dé, bẹ́líìtì tó yẹ kó lò tó ọdún mélòó kan ti ń já léra wọn lórí bí okùn ògbólógbòó aṣọ. Arvid, ẹ̀gbọ́n ọkọ Lempi, á wá, á fi òmíràn sí i, kò ní í pẹ́ tí ìyẹn náà á já.

Ní àdúgbò wa lókè ìlú Calumet níbí, yìnyín kì í bá èèyàn ṣeré. Adágún ńlá ló ń fẹ́ ẹ sí wa, kì í sì í béèrè bóyá tàná ti kúrò nílẹ̀. Ẹlòmíràn lè jókòó sílé títí ojú ọjọ́ á fi mọ́. Waino, ọkọ Lempi, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ìlú Hancock lónìí kí ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tún gbé e lọ lọ́túnla. Tó bá pàdánù ẹyọ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, èémí rẹ̀ á sì máa han bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ìjọba tó ń tú ojú títì ti kọjá, ó sì ti wọ́ gbogbo yìnyín títì jọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn Kangas. Òkìtì náà ga dé ìbàdí, ó le bí òkúta. Ẹ̀rọ tèmi kéré, kò lè gbọ́ tiẹ̀. Mo gbé ṣọ́bìrì, mo sọdá.

"Ó tún já?"

"Má bi mí!" Lempi ti gba ṣọ́bìrì kejì. "Má bi mí ní nǹkan kan, Verna. Wà á."

A wà á. Òógùn bò mí lábẹ́ kóòtù. Lempi kì í ṣe obìnrin tó sanra, àmọ́ ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé gba ojú yìnyín kọjá, apá rẹ̀ sì le. Gbogbo ìgbà tó bá gún ṣọ́bìrì wọlẹ̀ ló ń pe orúkọ Arvid. Waino yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Agégẹdú ni tẹ́lẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n gan-an. Kóòtù tó kún fún un nígbà kan ti wá ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lára rẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "N ó lọ lọ́la."

"Pa ẹnu rẹ dé, kó o lọ wọ bàtà!"

A dé Hancock, a ti pẹ́ gan-an. Nọ́ọ̀sì wo aago, ó wo Waino, ó ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá lo àga ẹ̀rọ náà, àwọn ò lè fún un ní gbogbo àkókò rẹ̀. Lempi gbá ọwọ́ mọ́ tábìlì. Ọmọbìnrin náà kò ṣẹ̀ ẹ́, òun náà sì mọ̀. Ìgbà tó yá ló lọ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ nígbà tó padà wá jókòó tì mí, ìbínú rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀.

"Mo máa pa ẹnìkan," ó wí jẹ́ẹ́.

Ẹni tó fẹ́ pa ló ń dúró dè wá nílé. Arvid ti gbọ́, ó ti gbé bẹ́líìtì tuntun wá, ó ti fi sí i, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ ní gáréèjì. Ó dàgbà ju Waino lọ dáadáa, òun ló sì ń tún gbogbo nǹkan tó bá bàjẹ́ ṣe nínú ẹbí wọn. Àpọ́nlé ni Lempi fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn.

"Ó ti parí," Arvid wí. "Àmọ́ n ó sọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, Lempi. Ẹ̀rọ kì í ṣe bọ́ọ̀sì. O máa ń tì í ju agbára rẹ̀ lọ. O máa ń fi jíà tó yá wọ inú yìnyín tó rin. Kò sí bẹ́líìtì tó lè fara da ọwọ́ bẹ́ẹ̀."

"Jíà tó kéré jù ni mò ń lò. Mo ti sọ fún yín."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi. "Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n fún un níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́? Lempi Ajẹbẹ́líìtì! Wọ́n ní tí mo bá ti wọlé báyìí, kí n má wulẹ̀ sọ nǹkan kan, àwọn mọ ohun tí mo wá rà."

Mo mọ̀ nípa orúkọ náà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ọkùnrin tó ń jókòó mu kọfí nídìí káńtà ibẹ̀ láràárọ̀ ló ń fi ṣeré, Arvid fúnra rẹ̀ ló sì gbé e kalẹ̀ fún wọn. Lempi nìkan ni kò tíì gbọ́.

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gba àkísà lọ́wọ́ Arvid, ó jù ú sílẹ̀.

"Jáde."

"Àwàdà ni mò ń ṣe."

"Wọ́n gé àkókò ọkọ mi kúrò lórí ẹ̀rọ lónìí. Àbúrò ìwọ ni! Ìwọ sì lọ jókòó síbẹ̀, o ń fi mí pa àwọn ọ̀lẹ lẹ́rìn-ín. Jáde nílé mi, Arvid."

Arvid wo Waino, ó ń retí kí ó gba òun sílẹ̀. Waino ń wo ilẹ̀. Arvid mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, yìnyín dáwọ́ dúró, oòrùn kékeré kan sì yọ. Lempi pè mí. "Wá bá mi di nǹkan mú," ó ní. Mo gbé pásítì, irú míìtípáì kan, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ààrò dání, mo sọdá. Ó ti tẹ́ páálí sílẹ̀ ní gáréèjì, ó ti fa epo inú ẹ̀rọ náà kúrò, ó sì ti to sípánà kalẹ̀.

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"A fẹ́ wo ìdí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Arvid bá wá, òkè ló máa ń ṣí, á fa bẹ́líìtì tó já yọ, á fi tuntun sí i, á lọ. Kò yí i dojú dé rí. Kò bi í léèrè rí pé kí ló dé."

"Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́," mo wí.

"Òkè ni wọ́n ń wò," Lempi dáhùn, ó sì tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́.

Bẹ́líìtì tó já lánàá ló kọ́kọ́ mú dání. Ó nà án sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dára. Ẹ̀gbẹ́ kejì ń dán bí bàtà tí wọ́n fi póláìṣì kùn, ó sì ti fà ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́.

"Wò ó. Tó bá jẹ́ pé mò ń tì í jù ni, ṣé kì í ṣe ọ̀tún àti òsì ló yẹ kó jẹ? Nǹkan kan ló ń ha á láti ẹ̀gbẹ́ kan."

Ó tú ìdérí irin tó bo bẹ́líìtì. Eérú dúdú dà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ti kúnná, tó ń rùn bí ohun tó jóná. Lẹ́yìn náà a jọ dojú ẹ̀rọ náà dé, ó fi ẹnu sọlẹ̀, a sì ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ púpọ̀ nípa ẹ̀rọ, àmọ́ ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tó ṣòroó rí. Púlì kékeré kan wà tó ń tẹ bẹ́líìtì kó má bàa dẹ̀. Apá irin tó gbé púlì náà dúró ti wọ́. Púlì wá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà ọ̀mùtí, bẹ́líìtì sì ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìdàkudà. Lempi fi ìka yí púlì náà. Bẹ́árìn inú rẹ̀ ń han, ó ń há, ó ń dúró.

Ó tún fọwọ́ kan bẹ́líìtì tuntun tí Arvid fi sí i lánàá. Kò sẹ́ni tó di ìdìmú ẹ̀rọ náà mú, èyí tó ń mú kó rìn. Ó yẹ kí bẹ́líìtì dẹ̀ kó sì sinmi. Ó le gbandi.

"Ó ti fún wáyà tó so mọ́ ìdìmú yìí jù," Lempi wí. "Bí mo dúró, bí mo rìn, bẹ́líìtì kì í sinmi. Á máa ha, á máa gbóná, kódà tí mo bá tú ọwọ́ sílẹ̀. Arvid ló ṣe èyí. Ó rí i pé ó ń yọ̀, ó kàn fún un le." Ó gbé ohùn sókè. "Ó fún un le, ó wá lọ pè mí ní Ajẹbẹ́líìtì!"

"Ta ló wá tẹ irin yẹn?"

Ó mú ìdérí tó tú sílẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó fi àtàǹpàkò nù ún. Mo rí ojú rẹ̀ tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Àpá òòlù kún inú ìdérí náà. Ẹnìkan ti lù ú láti inú kó lè tọ́ padà. Níta, wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn kùn ún. Ọ̀dà ẹ̀rọ náà pọ́n díẹ̀. Èyí kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Lempi gbójú sókè wo àpótí lẹ́tà wọn létí títì. Ní ìparí ìgbà ẹ̀rùn ni Waino fúnra rẹ̀ kùn ún. Ọ̀dà kan náà ni.

Ó gbé ìdérí náà, ó wọlé. Mo tẹ̀ lé e. Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ dá a dúró, mi ò sì fẹ́ dá a dúró.

Waino wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lempi sọ irin náà lu tábìlì, ife kọfí sì fò.

"Kí nìyí?"

Waino wò ó. "Ìdérí ẹ̀rọ ni."

"Mo mọ̀ pé ìdérí ẹ̀rọ ni! Ta ló lù ú?"

"Lempi..."

"Ta ló lù ú, Waino?"

Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sì gbé e kúrò. "Èmi ni. Yìnyín àkọ́kọ́. O lọ síbi ìsìnkú ìyá Salmi ní àdúgbò. Mo fẹ́ la ọ̀nà ilé ìwẹ̀ sáúnà kó o tó dé. Mo gun orí pákó tó wà níwájú rẹ̀, táyà kan yọ kúrò létí pákó, ẹ̀rọ dojú bolẹ̀ lórí òkìtì òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdérí wọnú. Mi ò lágbára láti gbé e. Jáákì ọkọ̀ ni mo fi gbé e dìde. Mo lu ìdérí, mo kùn ún. Ó gbéra, ó rìn. Mo rò pé kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Nígbà tí bẹ́líìtì àkọ́kọ́ já ńkọ́?"

Waino yíjú sí fèrèsé.

"Nígbà tí èkejì já? Nígbà tí Arvid dúró níbí, ní gáréèjì mi, tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ? O jókòó! O ń gbọ́! Lánàá ńkọ́? Ó pè mí ní Ajẹbẹ́líìtì lójú rẹ, o ń wo ilẹ̀! Kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?" Waino náà bú jáde. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. "Pé mi ò lè la ọ̀nà mọ́? Pé mo ṣubú níwájú sáúnà tí mo fọwọ́ mi kọ́? Ẹ ti sọ mí di ẹrù! Ẹ̀ ń gbé mi lọ, ẹ̀ ń gbé mi bọ̀. Mò ń jókòó lójú fèrèsé bí ológbò, mò ń wo ìyàwó mi níta tó ń ṣe iṣẹ́ mi. Igi tó ga ju ilé yìí lọ ni mo máa ń gé lulẹ̀! Ọmọdé ilé ìwé lè ti ẹ̀rọ yẹn. Mi ò lè sọ ọ́. Ẹnu mi kọ̀ láti sọ ọ́."

Mo rò pé Lempi á rọ̀. Èmi rọ̀ díẹ̀. Òun kò rọ̀ rárá.

"Àìsàn ń ṣe ọ́, mo gbà," ó wí. "Irọ́ kì í ṣe àìsàn. Ojú ń tì ọ́, o wá jẹ́ kí n ru ìtìjú náà fún ọ. Ó sì ṣeé ṣe kó o kú lánàá, Waino! Kó o kú, nítorí pé o ò lè sọ pé ẹ̀rọ ṣubú! Ká ní o kú, èmi ni wọn ì bá sọ pé mo pa ọ́. Wọn ì bá ní ọwọ́ mi ló le jù."

Ó gbé fóònù, ó tẹ nọ́ńbà Arvid, ó nà án sí i.

"Sọ fún un."

"Jẹ́ kó di..."

"Báyìí."

Ó sọ fún un. Mo jáde lọ síbi ààrò, mo ṣe bí ẹni ń gé búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ń pè ní nísù tó wà níbẹ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Arvid já wọ ọgbà. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó gba iwájú gbogbo wa kọjá lọ bá Waino.

"Òmùgọ̀! O jẹ́ kí n máa pààrọ̀ bẹ́líìtì bí ẹni ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀! O sọ mí di aláìmọ̀kan!"

"Ìwọ lo sọ ara rẹ di bẹ́ẹ̀," Lempi wí lẹ́yìn rẹ̀. "Wá."

Ó mú un lọ sí gáréèjì, ó fi ìka rẹ̀ kan púlì tó fì, ó fi kan bẹ́líìtì tó le gbandi, ó sì fi kan wáyà. Arvid bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n.

"Ó ń yọ̀ ni mo ṣe fún un le," ó wí níkẹyìn.

"Kí ló dé tó fi ń yọ̀?"

"Mi ò wò ó."

"O ò wò ó, torí pé o ti mọ ohun tó fà á kó o tó dé ibí. Obìnrin ló ń wà á."

Arvid dìde lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀, mo sì rò pé ó ń lọ ni. Irinṣẹ́ ló lọ kó. Ó yọ apá irin náà, ó fi í sẹ́nu báìsì, irin tó ń di nǹkan mú lórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ padà, ó wò ó, ó mi orí. "Kò lè tọ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Tuntun ni kí n lọ wá, àti púlì."

"Lọ wá a. Tó o bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́," Lempi wí, "gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á wà nídìí káńtà. O máa sọ fún wọn."

"Sọ kí ni fún wọn?"

"O mọ ohun tó o sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Sọ èyí náà. Kó o sọ ọ́ sókè bó o ṣe sọ ti àkọ́kọ́."

"Lempi, mo ti dàgbà ju..."

"Mo mọ bó o ṣe dàgbà tó. Verna máa bá ọ lọ."

Bí mo ṣe bá a lọ nìyẹn. Nínú ọkọ̀, kò bá mi sọ ju pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà kò pa dé dáadáa. Nígbà tí a wọlé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó dé ìdí káńtà, ẹnìkan sì kígbe pé, "Ajẹbẹ́líìtì tún ti jẹun!" Arvid bọ́ fìlà. Ó sọ ọ́. Ó sọ pé ẹ̀rọ ló wọ́ nísàlẹ̀, pé òun ò wò ó, pé òun ló fún wáyà le, pé Lempi fúnra rẹ̀ ló tú u tó sì rí i. Kò dárúkọ Waino. Mi ò mọ̀ bóyá torí àbúrò rẹ̀ ni tàbí torí ara rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú. Ọkùnrin kan ní, "Ó dáa, ó dáa," ó sì gbé ife kọfí rẹ̀ sẹ́nu. Arvid gba apá irin tuntun, ó gba púlì, a sì jáde.

Ọjọ́ náà ni wọ́n tò ó. Arvid ló di irin mú, Lempi ló ń fún nọ́ọ̀tì. Kò jẹ́ kí Arvid fún ẹyọ kan. Wọ́n tú wáyà sílẹ̀ títí bẹ́líìtì fi sinmi nígbà tí wọ́n tú ìdìmú sílẹ̀, tó sì mú nígbà tí wọ́n dì í. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, kò hú bó ṣe máa ń hú tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé híhú yẹn kì í ṣe ohùn rẹ̀. Arvid ní ó dọ̀la. Lempi ní ó dàbọ̀. Kò fi kọfí lọ̀ ọ́.

Waino kò rí ju oúnjẹ lọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Lempi ń gbọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó ń gbé e lọ sí Hancock, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú. Ọ̀rọ̀ kò sí. Mo bi í léèrè bóyá ó ti darí jì í. "Mi ò tíì bínú tán," ó ní. "Tí mo bá bínú tán, n ó sọ fún ọ."

Yìnyín ńlá míì tún wá. Ọkọ̀ ìjọba tún wọ́ òkìtì sẹ́nu ọ̀nà gbogbo wa. Mo wà níta pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré mi nígbà tí mo rí Lempi tó wọ inú tiwọn lọ, tí ẹ̀rọ náà ń gé e, tó ń fẹ́ ẹ dànù sínú ọgbà bí èéfín. Ilẹ̀kùn ṣí. Waino jáde, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Ó rọra lọ síbi ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀. Ó ń gbá díẹ̀, ó ń dúró mí kanlẹ̀, ó ń gbá díẹ̀.

Lempi tú ìdìmú sílẹ̀. Ẹ̀rọ dúró.

"Ta ló ní kó o jáde?"

"Kò sẹ́ni."

"Ìbọ̀wọ́ rẹ dà?"

Ó fa ìbọ̀wọ́ yọ nínú àpò, ó wọ̀ ọ́. Lempi wò ó títí ó fi wọ èkejì, ó wá padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn já sí títì, tí wọ́n ń lọ sí Hancock, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnu Lempi ń lọ wéréwéré, ó ń fi ọwọ́ kan gbá sítíárìn ọkọ̀. Waino náà ń dá a lóhùn, ó ń na ìka, òun náà ń pariwo. Mo gbọ́ wọn títí wọ́n fi yà ní kọ́nà.